Ẹ̀ẹ̀melòó l'ọ́dún ló yẹ kẹ́ ẹ máa kó àwọn ọmọ Sikáòtù lọ háíkì? Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ n gbé ìdáhùn tèmi s'ílẹ̀ kẹ́ni tó ń kánjú lè mú un máa lọ. Háíkì ọjọ́ kan, ìyẹn ìrìn ẹsẹ̀ gígùn nínú igbó tàbí l'órí òkè, ẹ̀ẹ̀kan l'óṣù. Bákípákì, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ máa gbé gbogbo ẹrù kọ́yìn tẹ́ ẹ sì máa sùn s'íta, ẹ̀ẹ̀kan l'óṣù mẹ́ta. Ìrìn ńlá ọlọ́jọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀kan l'ọ́dún, fún àwọn ọmọ tó ti gbó díẹ̀ nìkan. Ó tán. Ìyókù tí mo fẹ́ kọ s'ísàlẹ̀ yìí, ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é tí kò ní di wàhálà sí yín l'ọ́rùn, torí ẹnu dùn-ún ròfọ́ o, ẹni tó ti kó ọmọ méjìdínlógún wọ inú igbó rí ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ l'ẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan tó máa ń da àwọn òbí l'ọ́kàn rú. Háíkì àti bákípákì kì í ṣe nǹkan kan náà. Háíkì, ẹ lọ l'áàárọ̀, ẹ dé l'írọ̀lẹ́, báàgì kékeré tó gba omi, oúnjẹ ọ̀sán, aṣọ òjò àti fáàsìtì éèdì ti tó. Bákípákì ní tiẹ̀, ilé yín lẹ gbé kọ́yìn bí ìgbín: àgọ́, àpò ìsùn, sítóòfù, oúnjẹ ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ ó rìn dé ibi tẹ́ ẹ ti yàn tẹ́lẹ̀, ẹ ó sùn, t'ílẹ̀ bá mọ́ ẹ ó tún dì í, ẹ ó máa lọ. Àwọn kan máa ń fi mọ́tò kó àgọ́ dé ojú ibi tí wọ́n fẹ́ sùn gan-an, wọ́n á wá máa pe ìyẹn ní bákípákì. Kámpù nìyẹn jàre. Ó dáa, mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ kò kọ́ èjìká ọmọ ní nǹkan kan, torí náà ẹ má kà á mọ́ ọn tẹ́ ẹ bá ń ka iye ìgbà tẹ́ ẹ jáde.

Kí ló dé tí mo fi ní oṣooṣù? Torí ara máa ń gbàgbé. Ọ̀nà tó rọrùn jù tí mo lè gbà ṣàlàyé ẹ̀ ni pé kí n sọ ohun tójú mi rí. L'ọ́dún kan a ò rìn rárá fún oṣù márùn-ún, ìdánwò ló kọ́kọ́ dí wa l'ọ́wọ́, lẹ́yìn ẹ̀ òjò, lẹ́yìn ẹ̀ èmi alára ò ráyè, la bá ní ká fi bákípákì olóru méjì san gbogbo gbèsè yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kìlómítà 14 l'ọ́jọ́ àkọ́kọ́. A ò tíì rin márùn-ún nínú ẹ̀ tí ọmọkùnrin kan fi jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ní "Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa lọ, màá bá yín tẹ́ ẹ bá ń bọ̀." Mo ní kó bọ́ bàtà. Bàtà yẹn ti kéré fún un! Ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ká kò síwájú bíi ti ẹyẹ tó di ẹ̀ka mú. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀, òun náà ò mọ̀, torí látìgbà tá a ti rìn kẹ́yìn ni bàtà yẹn ti wà l'ábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ ọmọ ọdún 12 sì ń dàgbà ní tiẹ̀, kì í dúró de kàlẹ́ńdà àwa àgbà. L'álẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni àgọ́ méjì tún wá já wa kulẹ̀, ọ̀kan ò ní gbogbo òpó ẹ̀, èkejì ti hu èbu nínú àpò tá a ká a sí. A ò dé ibi tá à ń lọ. A sùn sí ibi àkọ́kọ́ tílẹ̀ ti tẹ́jú, a padà l'ọ́jọ́ kejì. Ẹ̀bi ọmọ kankan kọ́, ẹ̀bi mi ni.

Látìgbà yẹn ni mo ti rí ìrìn oṣooṣù gẹ́gẹ́ bí àyẹ̀wò. Ẹ̀ẹ̀kan l'óṣù, ẹ máa mọ bàtà ta ló ti há, àgọ́ wo ló ti ya, ọmọ wo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mí gùlegùle tó yẹ kí òbí ẹ̀ mú lọ rí dókítà, ọ̀gá wo ni orúnkún ẹ̀ ò gbé òkè mọ́ (èmi nìyẹn). Ìrìn kúkúrú kan tó wáyé sàn ju ìrìn gígùn mẹ́ta tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ.

Ìtàn Sikáòtù fúnra ẹ̀ náà lè ràn wá l'ọ́wọ́ níbí. L'óṣù Ògọ́ọ̀sì ọdún 1907 ni Baden-Powell, ẹni tó dá Sikáòtù s'ílẹ̀, kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti dán ìlànà ẹ̀ wò, kò sì kó wọn jọ gìrìgìrì s'ójú kan, ṣe ló pín wọn sí pátróòlù mẹ́rin, ìyẹn ẹgbẹ́ kéékèèké, olórí wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe bá ọ̀rọ̀ wa mu. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ ọgbọ̀n tẹ́ ẹ sì fẹ́ kó gbogbo wọn jáde l'óṣooṣù, ẹ ò ní ṣe é ju oṣù mẹ́ta lọ kó tó sú yín, mọ́tò ò ní tó, àgbà ò ní tó, igi tẹ́ ẹ máa fara tì gan-an ò ní tó. Àmọ́ tó bá jẹ́ pátróòlù ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ ló ń jáde, pátróòlù yìí l'ọ́sẹ̀ yìí, ìyẹn l'ọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ṣeé ṣe dáadáa. Ẹgbẹ́ ńlá kàn lè máa pàdé lẹ́ẹ̀kan l'óṣù mẹ́ta fún bákípákì tàbí fún kámpù. Àwọn tó ń sọ pé oṣooṣù ti pọ̀ jù, mo máa ń bi wọ́n bóyá gbogbo ẹgbẹ́ pátá ni wọ́n ń kó jáde lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì máa ń dáhùn.

Ohun kejì tó jẹ́ kó dá mi l'ójú ni báàjì àwọn Sikáòtù Amẹ́ríkà, ìyẹn àmì tí wọ́n ń fún ọmọ tó bá ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe, kódà tí ẹgbẹ́ tiyín ò bá lo báàjì wọn, ìṣirò inú ẹ̀ wúlò. Báàjì háíkì wọn, ọmọ máa rin máìlì 5 lẹ́ẹ̀kan, máìlì 10 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, máìlì 15 lẹ́ẹ̀kan, kó tó wá fi máìlì 20 l'ọ́jọ́ kan ṣoṣo kádìí ẹ̀. Ìrìn mẹ́fà nìyẹn, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 70 máìlì, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 112. Ẹ fi ọ̀kan sí oṣù kọ̀ọ̀kan, oṣù mẹ́fà ló parí. Ti bákípákì ní tiẹ̀, ìrìn ọlọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò gbọ́dọ̀ dín ní máìlì 15, lẹ́yìn náà ọlọ́jọ́ márùn-ún kan tó tó máìlì 30. Mẹ́rin nìyẹn. Ẹ fi ọ̀kan sí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ọdún kan gééré. Mi ò mọ̀ bóyá ẹni tó ṣètò ẹ̀ ronú nípa kàlẹ́ńdà, àmọ́ ó jọ bẹ́ẹ̀ l'ójú mi. Kẹ́ ẹ sì tún wò ó dáadáa, máìlì 5 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọn ò fi 20 bẹ̀rẹ̀.

Ti ọjọ́ orí ńkọ́

Ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ má gbé ẹrù ńlá lé e l'ẹ́yìn. Kìlómítà 3 sí 5 tó fún un, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan l'óṣù, kódà lẹ́ẹ̀mejì tó bá jẹ́ pé ibi tẹ́ ẹ ń lọ ò jìnnà, ẹ jẹ́ kó máa dúró wo èèrà. Mi ò ṣàwàdà o. Ọmọ kékeré kì í rin ìrìn kó lè dé ibì kan, ohun tó wà l'ọ́nà ló ń bá lọ, tẹ́ ẹ bá ń kánjú ẹ máa jà pẹ̀lú ẹ̀ l'ójoojúmọ́. Ó lè sùn s'íta lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì l'ọ́dún, kí ibi ìsùn súnmọ́ ibi tẹ́ ẹ gbé mọ́tò sí.

Ọdún mọ́kànlá sí mẹ́tàlá, ibí ni iṣẹ́ wà. Háíkì kìlómítà 8 sí 12 l'óṣooṣù, bákípákì olóru kan lẹ́ẹ̀mẹta sí mẹ́rin l'ọ́dún, kí ìrìn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú bákípákì kúrú ju ti háíkì lọ. Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yìí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù. Ọmọ tó lè rin kìlómítà 12 pẹ̀lú ìgò omi kan l'ọ́wọ́, ẹ gbé kílò 8 lé e l'ẹ́yìn kẹ́ ẹ wá wo bí 7 ṣe máa rí l'ójú ẹ̀.

Mẹ́rìnlá s'ókè, ẹ lè máa lọ sí kìlómítà 15, 20, olóru méjì, kẹ́ ẹ wá fi ìrìn ńlá kan sí àkókò hòlídé gígùn. Philmont, ibùdó ńlá tí àwọn Sikáòtù Amẹ́ríkà ní l'órí àwọn òkè New Mexico, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ìrìn ibẹ̀ máa ń gbà, wọn kì í gba ọmọ kékeré sí i, torí wọ́n mọ̀ pé ara gbọ́dọ̀ ti gbó díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sírú ẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn l'óṣù mẹ́fà ṣáájú, ó kéré tán. Ìrìn ńlá ọdọọdún ò lè jẹ́ ìrìn àkọ́kọ́ ọdún.

Bí mo ṣe ń to kàlẹ́ńdà

Kàlẹ́ńdà ilé ẹ̀kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbà, kì í ṣe tiwa. Mo máa fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sí gbogbo ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ọ̀sẹ̀ ọdún, àti ọ̀sẹ̀ tí ojú ọjọ́ máa ń le jù. Oṣù tó bá ní pupa púpọ̀, a máa rin wákàtí méjì péré l'ọ́jọ́ kan, kò sí bákípákì, àmọ́ a máa rìn. Bákípákì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa wá bọ́ sí àwọn oṣù tó ṣófo, kí wọ́n má súnmọ́ ara wọn jù. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa gbé kàlẹ́ńdà yẹn fún àwọn olórí pátróòlù, mo máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo máa panu mọ́, èyí tó le jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọ̀gá. Àwọn ni kó mú ibi tá à ń lọ. Ibi tí ọmọ bá fọwọ́ ara ẹ̀ yàn l'órí máàpù, kì í bínú sí i tó bá rí òkè ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ ọ̀nà, ẹ ṣírò wákàtí. Ọ̀gbẹ́ni William Naismith, ará Sìkọ́tílándì kan tó máa ń gun òkè, ti ṣe ìṣirò kan s'ílẹ̀ l'ọ́dún 1892 tí wọ́n ṣì ń lò: wákàtí kan fún kìlómítà 5, kẹ́ ẹ fi wákàtí kan kún un fún gbogbo mítà 600 tẹ́ ẹ máa gùn s'ókè. Àgbà tára ẹ̀ le ló ṣe é fún o. Èmi, kìlómítà 3 ni mò ń fún àwọn ọmọ ní wákàtí kan. Ká ní kìlómítà 12 ni ọ̀nà yín tó ní òkè mítà 300: Naismith máa sọ pé wákàtí mẹ́ta ó dín ìṣẹ́jú díẹ̀, àmọ́ èmi máa kọ wákàtí mẹ́rin fún ìrìn, ìdajì fún òkè, wákàtí kan fún oúnjẹ àti ìsinmi, ìdajì tún fún ẹni tó gbàgbé nǹkan. Mẹ́fà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá kúrò l'áago mẹ́jọ, ẹ dé l'áago méjì, ìmọ́lẹ̀ ṣì pọ̀ l'ọ́run, ọkàn àwọn òbí balẹ̀. Àwọn òbí tí ọmọ wọn máa ń dé l'ásìkò ò ní bá yín jiyàn tẹ́ ẹ bá tún ní ẹ ń lọ l'óṣù tó ń bọ̀, ẹ gbà mí gbọ́, ìdí tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ò fi lè máa jáde l'óṣooṣù ò ju pé wọ́n ti fi òru kan já òbí l'áyà.

Ẹni tó dúró s'ílé gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà máàpù yẹn l'ọ́wọ́ pẹ̀lú aago tẹ́ ẹ máa dé àti aago tó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá yín. Àgbà méjì ó kéré tán, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan l'ẹ́yìn pátápátá, kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ wà l'ẹ́yìn àgbà tó kẹ́yìn. Kí gbogbo ọmọ so fèrè mọ́ báàgì, kí wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó bá fọn ọ́n láìnídìí, àwo l'ó máa fọ̀ l'álẹ́.

Ẹrù

Ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara ọmọ, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ kílò 40, ẹrù kílò 8. Ẹ rántí pé lítà omi kan jẹ́ kílò kan, ẹni tó gbé lítà méjì ti lo ìdá kan nínú mẹ́rin kó tó di ẹyọ aṣọ kan. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú bákípákì, a máa ń tú gbogbo báàgì s'ílẹ̀. Mo ṣì rántí báàgì ọmọ kan tó jẹ́ pé àwa méjì la gbé e s'órí síkéèlì: kílò 14, ọmọ fúnra ẹ̀ jẹ́ 38. Mo ní ká tú u. Jíìnsì mẹ́ta, ìrọ̀rí orí bẹ́ẹ̀dì, tọ́ọ̀ṣì tó gùn tó apá mi, ìpara inú ike ńlá, ṣítì, bàtà kejì, bàtà kẹta, àti ìwé ìṣirò ilé ẹ̀kọ́ tó wà l'ábẹ́ pátápátá. Mo bi í pé ìwé ìṣirò ńkọ́? Ó ní màmá òun ló ní kóun kà á tóun bá simi. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí, òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a máa fi tún un dì, kílò 7 àbọ̀ ló kù, kò sì sí ohun tó wá l'álẹ́ tí kò rí. Jíìnsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ nígbà gbogbo, tó bá ti rin omi kì í gbẹ bọ̀rọ̀, ọmọ máa wọ òtútù sùn ni.

Àgọ́, ẹ pín in. Ẹnì kan gbé aṣọ ẹ̀, ẹnì kan gbé òpó àti èèkàn. Ohun tó wúwo, ẹ jẹ́ kó súnmọ́ ẹ̀yìn, l'áàárín, kó má wà n'ísàlẹ̀ tàbí ní ìta. Bẹ́líìtì ìbàdí ni kó gba ìwúwo, okùn èjìká kàn ń di báàgì mú ni kó má baà ṣubú s'ẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé okùn èjìká s'ókè, bẹ́líìtì ẹ̀ ti tú nìyẹn.

Ẹsẹ̀

Bàtà tuntun ò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí òkè l'ọ́jọ́ bákípákì. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti fi rin háíkì oṣù kan tàbí méjì, ìdí mìíràn tí oṣooṣù fi dáa nìyẹn. Kẹ́ ẹ sì kọ́ wọn l'ọ́rọ̀ kan ṣoṣo: "ó ń gbóná." Kí ẹsẹ̀ tó lé ròrò, ó máa kọ́kọ́ gbóná l'ójú kan, l'ẹ́yìn gìgísẹ̀ tàbí l'ẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ-ìka, ọ̀pọ̀ ọmọ sì máa ń tijú láti sọ, wọ́n á fara dà á títí á fi bó. Ọmọbìnrin kan wà l'ẹ́gbẹ́ wa tí kì í sọ̀rọ̀, mo kàn rí i pé ó ti ń fi ìka tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó ń yọ́ wọlé. Mo ní ká dúró, gbogbo wa. Ó bọ́ sọ́ọ̀kìsì, ibi gìgísẹ̀ ti pọ́n ṣùgbọ́n kò tíì wú. A nù ún gbẹ, a lẹ téèpù mọ́ ọn kó tẹ́jú láìní ìká kankan, ó pààrọ̀ sọ́ọ̀kìsì sí gbígbẹ, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni gbogbo ẹ̀ gbà. Ká ní a ò dúró ni, à bá pọ̀n ọ́n délé. Ìdúró àkọ́kọ́ tiwa máa ń wáyé l'ẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, kì í ṣe torí ó ti rẹ ẹnikẹ́ni, torí ẹsẹ̀ àti okùn bàtà ni.

Tí òjò bá ba ètò jẹ́, ẹ sún un s'íwájú, ẹ má fagi lé e. Òfin tiwa ni pé ìrìn tá a bá sún gbọ́dọ̀ wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ì báà jẹ́ kìlómítà 4 la máa rìn. Òjò lásán ò burú, ẹ wọ aṣọ òjò kẹ́ ẹ máa lọ, mànàmáná l'ẹ̀rù ń bà mí. Tí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá kí àrá tó sán: tí kò bá pé 30, ẹ kúrò l'órí òkè àti l'ábẹ́ igi tó dá dúró, ẹ wá ilé tàbí mọ́tò, kẹ́ ẹ sì dúró 30 ìṣẹ́jú l'ẹ́yìn àrá tó kẹ́yìn. Kò sí báàjì tó tó ẹ̀mí ọmọ.

Ilẹ̀ náà ní iye ìgbà tó lè gbà wá o. Tí pátróòlù mẹ́ta bá ń gba ọ̀nà kan náà l'óṣooṣù tí wọ́n sì ń sùn s'ójú kan náà, l'ọ́dún kan koríko ibẹ̀ ti tán. Ẹ ní ọ̀nà mẹ́rin márùn-ún tẹ́ ẹ máa ń yí ká. Ẹ rìn ní tẹ̀lé-mi-n-tẹ̀lé-ọ l'ójú ọ̀nà tó ti wà. Ìgbọ̀nsẹ̀, kòtò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kó jìnnà sí odò tó mítà 60, ẹ bò ó padà. Ìdọ̀tí yín, títí kan èèpo èso, ẹ gbé e dé ilé.

Ìwé kékeré kan

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbí jù nìyí, ká ní ẹ gbàgbé gbogbo èyí tí mo ti sọ. Iye ìgbà tí ẹgbẹ́ jáde kọ́ lẹ máa kà, iye ìgbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan jáde ni. L'ọ́dún kan mo ń fọ́nnu pé a ti rin ìrìn mọ́kànlá, àfi ìgbà tí mo jókòó kọ orúkọ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ tí kálukú lọ. Ọmọ mẹ́fà ti lọ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá. Àwọn mẹ́sàn-án lọ bíi mẹ́rin. Ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré ló lọ, kò sì pa ìpàdé kankan jẹ. Mo bi í, ó ní báàgì tí ẹ̀gbọ́n òun máa ń yá òun, ẹ̀gbọ́n òun ti gbé e lọ sí yunifásítì. Báàgì ni! Oṣù méje gbáko. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni torí ìtìjú, èmi tí mò ń ka ìrìn ò ka èèyàn. Látìgbà yẹn la ti ní báàgì mẹ́ta tó jẹ́ ti ẹgbẹ́, ẹni tó bá fẹ́ gbé e, kó gbé e, a kì í bèèrè ìdí.

Torí náà ẹ ní ìwé. Orúkọ l'ẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, oṣù l'ókè, ẹ máa fi àmì sí i. Ọmọ tí oṣù méjì bá kọjá lórí ẹ̀ láìsí àmì, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má bi í l'ójú àwọn yòókù. Ó lè jẹ́ bàtà, ó lè jẹ́ owó mọ́tò, ó lè jẹ́ pé ó máa ń tọ̀ s'ílé tó sì ń bẹ̀rù àti sùn s'ínú àgọ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Tíyẹn bá lọ jẹ́ òun, háíkì ọjọ́ kan ló máa gbádùn jù, ẹ jẹ́ kó lọ ìyẹn l'óṣooṣù, bákípákì á dé nígbà tó bá yá.

Ṣé ó lè pọ̀ jù? Ó lè pọ̀ jù dáadáa. Tẹ́ ẹ bá rí i pé àwọn ọmọ ti ń wá àwáwí, tí ìyàwó tàbí ọkọ yín ti ń wò yín l'ójú wíkẹ́ńdì láìsọ̀rọ̀, tí ọ̀gá kejì yín ti ń "ara mi ò yá" l'ọ́sẹ̀ bíi mẹ́ta tẹ̀léra, ẹ dín in kù. Ẹ̀ẹ̀kan l'óṣù méjì fún ìgbà díẹ̀ kì í ṣe ìtìjú. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó kọjá oṣù méjì, nítorí ẹ ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí bàtà l'ábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ má tẹ̀ lé gbogbo èyí l'ọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, háíkì nìkan, kìlómítà 4, 6, 8. Oṣù kẹrin, ẹ sùn s'íta l'óru kan, ibi tẹ́ ẹ máa rin kìlómítà 3 péré dé, ẹrù l'ẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá dé l'ọ́jọ́ kejì, ara máa ro gbogbo yín, ilé á máa pè yín, àmọ́ kẹ́nikẹ́ni tó lọ, ẹ ta àgọ́ yẹn s'órí okùn kó gbẹ, ẹ ka òpó ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí olórí pátróòlù kọ ọjọ́ ìrìn tó kàn sínú ìwé yẹn, níwájú gbogbo wọn, nígbà tí ẹrẹ̀ ṣì wà l'ára bàtà.